Ẹlẹ́rìí Méjìlá Lábẹ́ Igi Ọ̀dán

Ẹlẹ́rìí kẹsàn-án ló wà lórí àga nígbà tí Ìnsípẹ́kítọ̀ Fáṣínà ju pẹ́ńsù ọwọ́ rẹ̀ sórí tábìlì.

"Mo rí Tíṣà Gàníyù lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀," ni ọkùnrin náà wí. "Ó ń jáde bọ̀ nílé àlejò ìjọba. Ó dé fìlà funfun, ó há àpò ìwé sí abíyá. Ọjọ́rú ni, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ."

"Ó há a sí abíyá. Abíyá ọ̀tún ni àbí ti òsì?"

"Abíyá ni mo wí, ọ̀gá."

"Mo gbọ́. Èwo nínú méjèèjì?"

Ọkùnrin náà wo àjà, ó wo Sájẹ́ǹtì Sàlàkọ́ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó tún wo àjà. "Abíyá ṣáá ni wọ́n ní."

"Àwọn ta ló ní?"

"Èmi ni mo ní bẹ́ẹ̀ o!"

Fáṣínà ní kó máa lọ. Láti àárọ̀, ẹni mẹ́sàn-án ti jókòó sórí àga yẹn ní tẹ́ṣàn ọlọ́pàá Ìwó, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn sì sọ: kẹ̀kẹ́, fìlà funfun, àpò ìwé, abíyá. Kò sẹ́ni tó fi kún un, kò sẹ́ni tó yọ níbẹ̀. Àfi bí ẹni pé ènìyàn ń gbọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù tó ti há sójú kan.

"Ó ku mẹ́ta, sà," ni Sàlàkọ́ wí. Ojú rẹ̀ ń dán bíi ti bàbá ọmọ tuntun. "Ẹlẹ́rìí méjìlá! Mo sì ti bi ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó dé. Ohun tí wọ́n sọ lọ́jọ́ Ajé náà ni wọ́n sọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Kò yẹ̀ rárá. Ẹjọ́ ti parí, sà."

"Bó bá ti parí, kí ni wọ́n ní kí n wá ṣe láti Ìbàdàn?"

"Kí ẹ fọwọ́ sí i ni, sà."

Fáṣínà fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo ojú. Ó ti di ọdún mẹ́rìndínlógún tó ti ń ṣe iṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́, kò sì sí ohun tó máa ń fọ́ ọ lórí bí ẹjọ́ tó bá dán jù.

Ọ̀rọ̀ náà kò le létí ẹni tó bá ń gbọ́ ọ lókèèrè. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Àyànbádéjọ, akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga kan n'Ìbàdàn, ló wá sí Ìwó láti wádìí bí ọgbọ́n orí àwọn ọmọdé ṣe tó, nítorí ọdún kejì nìyí tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀, àwọn àgbà sì ń fẹ́ mọ ohun tí orí àwọn ọmọ lè gbé. Ó kọ ogójì ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀ sínú ìwé, irú bíi "fàbù", "gẹ́dọ̀", "míjù". Á ka mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan, ọmọ á pè é padà fún un, ọ̀rọ̀ kan, máàkì kan. Nílé ìwé mẹ́ta tó kọ́kọ́ dé, ogún tàbí méjìlélógún ni ọ̀pọ̀ ọmọ gbà. Nígbà tó dé ilé ìwé tí Tíṣà Gàníyù jẹ́ ọ̀gá fún, ogún ọmọ tí wọ́n kó síwájú rẹ̀ gba márùndínlógójì, mẹ́tàdínlógójì, méjìdínlógójì. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni wọ́n ka ìwé inú àpótí rẹ̀, wọ́n sì rí i pé àpò ìwé kan ti pòórá, pẹ̀lú ogún ìwé ìdánwò nínú rẹ̀.

Kí ni aráàlú tún ń wá? Gàníyù ló jí ìwé ní Ọjọ́rú kan ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ó sì fi kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ kí ìdánwò tó dé. Ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ti kọ̀wé pé bí ọlọ́pàá kò bá wẹ̀ ẹ́ mọ́ kó tó di ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, àwọn yóò yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé àwọn tíṣà. Ọkùnrin tó ti di ẹfun mú fún ọdún méjìlélógún kò ní dúró níwájú pátákó mọ́ láéláé. Ọjọ́bọ̀ sì ni òní.

"Sàlàkọ́," ni Fáṣínà wí, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lójú, "ṣé o wo orí wọn?"

"Orí kẹ̀, sà?"

"Orí! Ẹni mẹ́sàn-án ló jókòó síbí, gbogbo wọn ló ṣí fìlà kí mi. Orí mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ló ń dán bí àwo tí wọ́n fi eérú fọ̀. Kò sí onírun kan nínú wọn. Ṣé ẹni tó bá fárí nìkan ló ń ríran ní Ìwó ni?"

Sájẹ́ǹtì fọwọ́ kan orí ara rẹ̀. Òun náà ń dán.

"Abẹ́ igi ọ̀dán ni, sà," ó wí nígbẹ̀yìn. "Lọ́dọ̀ Fàtáì onígbàjámọ̀. Mo lọ fárí níbẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Mo bá kọ orúkọ gbogbo ẹni tó jókòó."

"Gbogbo ìlú yìí! O kò bi obìnrin kan, o kò bi àgbẹ̀ kan tó ń lọ sóko lówùúrọ̀, o kò bi ẹni tó ń gbálẹ̀ nílé àlejò?"

"Àwọn tó jókòó ló ráyè, sà."

*

Igi ọ̀dán náà gbòòrò, òjìji rẹ̀ tutù bí omi àmù, ó sì dojú kọ ẹnu ọ̀nà ilé àlejò ìjọba ní òdìkejì pápá. Fàtáì onígbàjámọ̀ ń fá orí bàbá kan lọ́wọ́. Àwọn ọkùnrin mélòó kan sì jókòó lórí àpótí, wọ́n ń dúró dìgbà tí yóò kàn wọ́n, tàbí kí wọ́n ti ṣe tán kí wọ́n má sì fẹ́ lọ sílé. Fáṣínà mọ ojú mẹ́fà nínú wọn láti àárọ̀.

"Ẹni tó bá fi ojú ara rẹ̀ rí Tíṣà Gàníyù lọ́jọ́ yẹn," ó wí, "kó dìde."

Kò sẹ́ni tó dìde. Gbogbo wọn yíjú sí Fàtáì.

"Fàtáì ló rí i," ni ẹlẹ́rìí kẹsàn-án wí. "Fàtáì kì í sì í purọ́."

"Ìwọ ńkọ́? O ní o rí i lówùúrọ̀ yìí."

"Ọ̀gá, bí Fàtáì bá rí i, ta ni ká ní kò rí i? Ojú Fàtáì dáa."

Àwọn yòókù kùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ojú Fàtáì dáa. Fáṣínà yíjú sí sájẹ́ǹtì rẹ̀.

"Ẹlẹ́rìí rẹ kò pé méjìlá, Sàlàkọ́. Ẹyọ kan ni. Ẹnu ló pọ̀."

Fàtáì fúnra rẹ̀ kò bẹ̀rù. Fáṣínà bi í lẹ́ẹ̀kan, ó bi í lẹ́ẹ̀kejì láti ẹ̀yìn wá síwájú, ó bi í lẹ́ẹ̀kẹta nígbà tí ọkàn rẹ̀ wà lórí abẹ ọwọ́ rẹ̀. Ìdáhùn kò yí padà. Tíṣà Gàníyù ni, lórí kẹ̀kẹ́ aláwọ̀ ewé, nítorí kò sí kẹ̀kẹ́ aláwọ̀ ewé méjì ní Ìwó. Gàníyù ló fọwọ́ ara rẹ̀ kùn ún lọ́dà.

"Nígbà tó jáde, apá ibo ló gbà?"

Fàtáì gbé abẹ kúrò lórí bàbá náà. Ó hàn pé kò sẹ́ni tó tíì bi í léyìí rí. "Ọ̀nà Kuta ló yà sí."

"Ilé ìwé rẹ̀ ńkọ́, níbo ló wà?"

Onígbàjámọ̀ na abẹ sẹ́yìn, sí òdìkejì ìlú. Bàbá tó ń fá orí fún yára fọwọ́ bo etí rẹ̀.

"Ẹni tó jíwé láti fi kọ́ ọmọ ilé ìwé rẹ̀," ni Fáṣínà wí wẹ́rẹ́, "ló wá gbé e lọ sí Kuta."

"Bóyá ó fẹ́ kọ́kọ́ na ara ni," ni ẹlẹ́rìí kẹsàn-án wí.

*

Tíṣà Gàníyù ga, ó tín-ín-rín bí pankẹ́rẹ́, ó sì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ti sin tán. Kẹ̀kẹ́ aláwọ̀ ewé náà fara ti ògiri. Hàbíbátù ìyàwó rẹ̀ gbé omi wá fún àlejò, ó kúnlẹ̀, kò sì kúrò níbẹ̀.

"Tíṣà, ṣé ẹ lọ sílé àlejò ìjọba lọ́jọ́ Ọjọ́rú yẹn?"

"Rárá."

"Báwo ni ogún ọmọ yín ṣe gba máàkì tí ẹnikẹ́ni ò gbà?"

"Ọlọ́run ló fún wọn."

"Àwọn ilé ìwé tó kù, Ọlọ́run bínú sí wọn ni?"

Gàníyù ti ife omi súnmọ́ àlejò. Fáṣínà mí kanlẹ̀. Àwọn ẹlẹ́rìí tó ń sọ̀rọ̀ jù àti ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn tí kò sọ̀rọ̀, kò mọ èyí tó burú jù.

"Tíṣà, ọjọ́ Ajé ò jìnnà. Ẹ ràn mí lọ́wọ́. Kẹ̀kẹ́ yìí, ṣé ó wà nílé lọ́jọ́ náà?"

Gàníyù wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Hàbíbátù gbé ojú sókè.

"Ẹ bi mí," ó wí. "Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò tíì sẹ́ni tó bi mí."

"Hàbíbátù, àlejò ni," ni Gàníyù wí.

"Àlejò tó ń wò yín níran kí wọ́n yọ orúkọ yín? Ọ̀gá ọlọ́pàá, Ọ̀gbẹ́ni Àyànbádéjọ ló wá yá kẹ̀kẹ́ yẹn lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ní òun fẹ́ lọ kí ọ̀rẹ́ òun kan bílẹ̀ bá ti mọ́. Kò ní fìlà, òjò ti ba àkẹtẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Èmi ni mo mú fìlà funfun bàbá Ràhámọ̀tù yìí fún un, kí oòrùn má baà pa ọmọ ọlọ́mọ."

Fáṣínà dìde, ó tún jókòó. "Tíṣà! Ẹ mọ èyí, ẹ dákẹ́?"

"Sájẹ́ǹtì bi mí bóyá mo lọ sílé àlejò. Mo ní rárá. Ó tún bi mí lọ́jọ́ kejì bóyá mo lọ sílé àlejò. Mo ní rárá. Kò bi mí ní ti kẹ̀kẹ́." Ó gbé orí sókè wàyí. "Ọkùnrin náà ti jẹun nílé mi. Ìwé ọ̀hún, tirẹ̀ ni. Ta ló ń jí nǹkan ara rẹ̀? Bí mo bá nàka sí i, ṣé wọn ò ní sọ pé ẹ̀tẹ́ ló mú mi ti àlejò mi sínú iná?"

Ó dun Fáṣínà, nítorí ó mọ̀ pé òótọ́ ni. Wọn ì bá sọ bẹ́ẹ̀, lábẹ́ igi ọ̀dán, ẹni méjìlá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Èyí ò sì tíì wẹ̀ yín mọ́," ó wí. "Wọ́n lè ní ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ mọ̀ ọ́n. Máàkì àwọn ọmọ ṣì wà níbẹ̀. Ẹ yá mi ní kẹ̀kẹ́ náà, àti fìlà."

*

Bí ènìyàn bá gé Gàníyù sí méjì, tó sì to méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ohun tí yóò rí ni Sájẹ́ǹtì Sàlàkọ́. Sájẹ́ǹtì kúrú, ó sì sanra. Kò fẹ́ bọ́ṣọ ìjọba, kò fẹ́ dé fìlà onífìlà, ó sì ń kùn ní gbogbo ìgbà tó ń ti kẹ̀kẹ́ náà gba ẹ̀yìn lọ sílé àlejò. Fáṣínà padà sábẹ́ igi, ó jókòó, ó ní kí Fàtáì wá gé èékánná òun.

Ìgbà tó ṣe, kẹ̀kẹ́ aláwọ̀ ewé kan yọ lẹ́nu ọ̀nà ilé àlejò, ó ń gbọ̀n jìgìjìgì.

"Tíṣà Gàníyù nìyẹn!" ni Fàtáì ké. "Ṣé wọ́n ti dá wọn láre ni? Tíṣà, ẹ kú oríire o!"

"Ẹ kú oríire o!" ni gbogbo abẹ́ igi gbà á.

"Ṣé ó dá ọ lójú pé Tíṣà ni?"

"Bí mo ṣe mọ èékánná tí mò ń gé yìí."

Kẹ̀kẹ́ súnmọ́ tòsí. Òógùn bo Sàlàkọ́, fìlà ti bọ́ sí i lójú kan, ó sì ń lu agogo kẹ̀kẹ́ bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gbé òun sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo abẹ́ igi na ọrùn. Ẹnìkan sọ pé, "Ṣé Tíṣà ló wá sanra báyìí ni?"

"Kẹ̀kẹ́ lo mọ̀, Fàtáì," ni Fáṣínà wí. "Fìlà lo mọ̀. Ẹni tó wà láàárín méjèèjì, o kò rí i rárá. Bí mo bá bi ọ́ nígbà ọgọ́rùn-ún, wàá fún mi ní ìdáhùn kan náà nígbà ọgọ́rùn-ún, kò sì ní di òótọ́ lẹ́ẹ̀kan." Ó yíjú sí Sàlàkọ́. "Pé ọ̀rọ̀ ò yẹ̀, ìyẹn ò sọ ọ́ dòótọ́. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, sà. Ṣé mo lè bọ́ fìlà?"

*

Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, bí Fáṣínà ṣe ń mu ẹ̀kọ gbígbóná ní tẹ́ṣàn, ó kọ ogójì ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀ sínú ìwé kékeré rẹ̀, ti ara rẹ̀, ohun tó bá ṣáà ti wá sí i lẹ́nu: "tífọ̀", "kadúmi", "bẹ́sà". Kò fi han ẹnikẹ́ni, títí kan sájẹ́ǹtì. Lẹ́yìn náà ló gba ilé ìwé Gàníyù lọ, ó ní kí wọ́n pe ogún ọmọ ọjọ́ náà.

Ọmọkùnrin àkọ́kọ́ dúró, ó di ojú. Fáṣínà ka ọ̀rọ̀ mẹ́rin. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í mi síwá sẹ́yìn, ó sì pe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà láìṣì. Fáṣínà ka mẹ́rin mìíràn. Ó mì, ó pè é. Mẹ́tàdínlógójì nínú ogójì. Èkejì dé, òun náà di ojú, ó mì. Ẹ̀kẹta mì. Ìgbà tó fi kan ẹ̀kẹjọ, ó ti ń rẹ Fáṣínà lójú.

"Ta ló kọ́ yín ní mímì yìí?"

"Alùfáà ni, sà," ni ọmọ náà wí. "Nílé kéwú. Wọ́n ní bí a ò bá mì, ọ̀rọ̀ ò ní wọlé."

"Ṣé ẹ máa ń gbọ́ ìtumọ̀ ohun tí ẹ ń kà?"

"A ò tíì dé ibẹ̀, sà. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ka Kùránì parí, a ṣe wòlímà ni."

Fáṣínà yíjú sí Gàníyù díẹ̀díẹ̀.

"Tíṣà, ogún ọmọ yìí, gbogbo wọn ló ti ṣe wòlímà?"

"Gbogbo wọn."

"Ọmọ mélòó ló wà nílé ìwé yìí?"

"Ogóje."

"Nínú ogóje ọmọ, ẹ wá ṣa ogún tó ti ń há ọ̀rọ̀ tí wọn ò gbọ́ láti ọmọ ọdún mẹ́rin! Kí ni Àyànbádéjọ sọ fún yín gan-an?"

"Ó ní kí n fún òun ní ogún ọmọ." Ọ̀rọ̀ náà ya Gàníyù lẹ́nu. "Ìnsípẹ́kítọ̀, àlejò wá láti Ìbàdàn láti wá wo ọmọ wa. Ṣé àwo tó sán lẹ máa gbé oúnjẹ sí fún àlejò?"

Fáṣínà pa ìwé kékeré rẹ̀ dé. Kò sẹ́ni tó lè fi ọ̀rọ̀ yẹn sẹ́wọ̀n. Kò sì sí Ìwó kan, kò sí Ilé-Ogbó kan, tí wọn ò ti ní ṣe ohun kan náà.

"Ẹ gbé rẹ́jísítà wá," ó wí. "Mo fẹ́ ogún ọmọ tí ẹnikẹ́ni ò ṣà. Ẹ máa ka méje méje. Ẹni tí keje bá bọ́ sí, kó jáde, ìbáà jẹ́ ọmọ ọba, ìbáà jẹ́ ọmọ tó ń sùn ní kíláàsì."

Wọ́n kà á. Àwọn tó jáde rí gan-an bí ọmọ ilé ìwé ṣe ń rí: ọ̀kan ń họ orí, ọ̀kan ń rẹ́rìn-ín láìnídìí. Nígbà tó kan ẹni karùn-ún tí yóò jáde, Gàníyù fi ìka bo ojú ìwé.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fo ìyẹn."

"Kí ló dé?"

"Ara rẹ̀ ò yá."

"Ara mi yá, sà," ni ohùn tín-ín-rín kan wí láti ẹ̀yìn.

Ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, ojú rẹ̀ fẹ̀, ó sì ń wo ojú fèrèsé bí ẹni pé ẹnìkan fẹ́ yọ níbẹ̀. Gàníyù rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọmọ mi ni. Ràhámọ̀tù. Ọ̀rọ̀ kì í dúró sí i lórí. Alùfáà ti fi í sílẹ̀ pé kó máa gbálẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kọ máàkì rẹ̀ sílẹ̀, ẹ dákun."

Fáṣínà wò ó títí. Ohun kan ṣẹ̀ṣẹ̀ là sí i lórí bí ìgbà tí wọ́n ṣí fèrèsé.

"Tíṣà," ó wí, "bóyá ọmọ yìí ló máa gbà yín là."

Kò lo ìwé tirẹ̀ fún un. Ìwé Àyànbádéjọ gan-an, irú èyí tí wọ́n ní bàbá rẹ̀ jí, ló mú jáde látinú fáìlì ẹjọ́. Ó ka mẹ́rin. Ràhámọ̀tù kò mì. Ó ronú.

"Gẹ́dọ̀," ó wí. "Gẹ́dọ̀ ni ọkùnrin oníkùn ńlá. Míjù ni ìyàwó ẹ̀. Míjù ń bínú tórí Gẹ́dọ̀ ti jẹ... sà, kí ni wọ́n ń pe ohun tó jẹ?"

Mẹ́rìnlá nínú ogójì. Gàníyù ti dorí kodò. Fáṣínà kọ ọ́ sílẹ̀ gàdàgbà, ó sì fi pẹ́ńsù gún un nísàlẹ̀.

"Sàlàkọ́, wá ka èyí. Bàbá yìí jíwé, ó fi kọ́ ogún ọmọ ọlọ́mọ, ó wá fi ọmọ tirẹ̀ sílẹ̀ kó gba mẹ́rìnlá. Olè wo ló ń jí iṣu, tó ń pín in fún gbogbo àdúgbò, tí ọmọ tirẹ̀ ń sùn lébi?"

"Kò sí, sà."

"Àwọn ogún yẹn sì ṣe ju ti tẹ́lẹ̀ lọ nínú ìwé tí mo kọ láàárọ̀ yìí. Ṣé wọ́n jí ìyẹn náà ni, látinú ẹ̀kọ mi?"

Àwọn mọ́kàndínlógún tó kù nínú àwọn tí wọ́n kà méje méje gba mọ́kàndínlógún, mẹ́tàlélógún, ogún. Bíi ti gbogbo ọmọ ìlú.

*

Àyànbádéjọ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì nílé àlejò, awò wà lójú rẹ̀, ìwé sì yí i ká. Kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún.

"Lọ́jọ́ Ọjọ́rú yẹn, níbo lẹ wà?" ni Fáṣínà bi í.

"Ibí ni. Ibà ló dá mi dúbúlẹ̀."

"Ibà náà ló gun kẹ̀kẹ́ Tíṣà Gàníyù?"

Awò ọ̀dọ́mọkùnrin náà bọ́ sí imú. Fáṣínà kò tíì fẹsẹ̀ tẹ Kuta rí láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibẹ̀ dé. "Àwọn ọmọ Kuta ní kí n kí yín."

Àyànbádéjọ fọwọ́ gbá bẹ́ẹ̀dì mú. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó gbé tìmùtìmù sókè, àpò ìwé sì wà níbẹ̀, ó ti tẹ́ pẹrẹsẹ.

"Mo fẹ́ kọ́kọ́ dán an wò níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ mí," ó wí. "Ní òwúrọ̀, ogún ọmọ Kuta gba ọgbọ̀n, méjìlélọ́gbọ̀n. Mo ní kí n tún un ṣe lọ́sàn-án kó lè dájú. Wọ́n ti lọ roko tíṣà wọn nínú oòrùn, wọ́n sì dé, wọ́n gba mọ́kànlá! Àwọn ọmọ kan náà, ìwé kan náà! Bí ọ̀gá mi bá rí i, ọdún méjì iṣẹ́ mi ti wọmi. Mo gbé e pamọ́. Nígbà tí wọ́n ka ìwé tí wọ́n rí i pé ogún dín, mo ní mi ò mọ ibi tó wọlé sí. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni, mo fi Ọlọ́run búra."

"O ò dárúkọ ẹnikẹ́ni." Fáṣínà ti mú "ẹ" kúrò lẹ́nu. "O kàn jókòó sórí rẹ̀."

"Ẹlẹ́rìí ti di méjìlá kí n tó gbọ́, sà. Ẹnu wọn kò sì yẹ̀." Ó gbé ojú sókè, omi wà níbẹ̀. "Ó wá ń ṣe mí bíi pé bóyá Tíṣà wá jí òmíràn lóòótọ́. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́."

Fáṣínà rọra jókòó. Orí tó ń fọ́ ọ láti ọjọ́bọ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ dé ọrùn.

"Gbọ́. Bí alágbàdo bá wọn àgbàdo láàárọ̀ tó pé igbá kan, tó wọn ọ̀hún náà lọ́sàn-án tó di ààbọ̀ igbá, ṣé àgbàdo ló yẹ kó fi pamọ́ ni àbí igbá ló yẹ kó wò? Ìwé rẹ ò tíì mọ ọgbọ́n orí ọmọ kankan. Ó mọ ẹni tó ti sinmi. Ó mọ ẹni tó lọ sílé kéwú. Ọmọ kan wà níbẹ̀ tó fi ọ̀rọ̀ rẹ dá ìtàn lójú mi, ìwé rẹ ní òpè ni. Kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́. Kọ gbogbo rẹ̀, kọ ti Kuta náà. Báyìí báyìí."

Ó kọ ọ́. Sàlàkọ́ fi sínú àpò, ó sì bọ́ sínú mọ́tò Ìbàdàn tó kọ́kọ́ lọ, kí ó lè tẹ wọ́n lọ́wọ́ kí ọ́fíìsì tó tì lọ́jọ́ náà.

*

Lọ́jọ́ Ajé, èsì dé pé orúkọ Gàníyù dúró níbi tó wà. Fáṣínà ti gbé báàgì rẹ̀ sínú mọ́tò tó dúró nítòsí ilé ìwé nígbà tí Sàlàkọ́ sáré dé, ó ń mí helehele.

"Ọ̀gá, mo ti rí ẹlẹ́rìí sí ti Àyànbádéjọ! Wọ́n ní àwọn rí i kedere lọ́jọ́ náà, awò ló wà lójú ẹ̀!"

"Ẹni mélòó?"

"Méjìlá, sà."

"Níbo lo ti rí wọn, Sàlàkọ́?"

Sájẹ́ǹtì fọwọ́ kan orí rẹ̀, tó tún ṣẹ̀ṣẹ̀ fá.

Nínú ọgbà ilé ìwé, Àyànbádéjọ ti dọ̀bálẹ̀ tán fún Gàníyù, Gàníyù sì ti ní kó dìde, ṣé ó ti jẹun. Ọ̀gá Àyànbádéjọ n'Ìbàdàn ti ní kó tún iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà di rẹ́jísítà mú, ó ń bẹ̀bẹ̀. "Tíṣà, ogún ọmọ péré ni mo fẹ́."

Kò tíì parí ọ̀rọ̀ tí Gàníyù ti wọ kíláàsì. Ó fa Ràhámọ̀tù jáde lápá, ó tì í síwájú gbogbo ilé ìwé, ojú rẹ̀ ń tàn bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ohun tó ti ń fi pamọ́ láti ọjọ́ yìí wá.

"Ẹni àkọ́kọ́ nìyí! Ràhámọ̀tù, sọ ti Gẹ́dọ̀ fún wọn!"

"Tíṣà!" ni Fáṣínà ké láti orí mọ́tò. "Ẹ kà á ni! Ẹ má ṣà á! Méje méje!"

"Àmọ́ ẹ gbọ́ ìtàn rẹ̀ ná!"

"Ọ̀gá, ṣé ẹ ń lọ ni àbí ẹ ò lọ?" ni dírẹ́bà bi í.

Fáṣínà wo ojú ọ̀nà Ìbàdàn. Ó wo ọmọdébìnrin náà, tó ti ń wo ojú sánmà. Ó fa báàgì rẹ̀ sílẹ̀, ó rìn wọ inú ọgbà, ó sì gba rẹ́jísítà lọ́wọ́ Àyànbádéjọ.

"Ṣé mi ò ní sọ ọ́ mọ́ ni, sà?" ni Ràhámọ̀tù bi í.

"Èmi ni wàá sọ ọ́ fún, bí mo bá ti kà á tán." Ó ṣí ìwé, ó fi ìka lé orúkọ àkọ́kọ́. "Ení. Èjì. Ẹ̀ta. Tíṣà, ẹ kúrò lẹ́yìn mi. Ẹ̀rin..."